Ilẹ̀ ta ni ẹsẹ̀ pátákó náà wọ̀? Bí ètò pátákó atọ́nà ṣe ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn

Ní ọ̀pọ̀ oríta tí èèyàn ti ń yà láti títì ọ̀dà wọ àdúgbò n'Ìbàdàn, irin kan ṣoṣo ló máa ń wà níbẹ̀ tí pátákó méje tàbí mẹ́jọ rọ̀ mọ́. Ti ṣọ́ọ̀ṣì ló ga jù, ti ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà aránṣọ, ilé ìwòsàn kékeré, ẹni tó ń ta gáàsì, onídìrí. Ọfà ara pátákó aránṣọ yẹ kó kọjú sí ọwọ́ ọ̀tún, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń kó yẹ̀pẹ̀ ti fi ẹ̀gbẹ́ gbá a, ọfà náà wá kọjú sí gọ́tà. Oníbàárà tó ń bọ̀ láti Mọ́níyà á wò ó títí, á yà síbi tí kò yẹ, á pe fóònù. Bí fóònù ò bá wọlé, aránṣọ mìíràn ló máa gbé aṣọ náà fún.

Irú pátákó yìí ni iṣẹ́ kékeré fi ń jẹun. Ṣọ́ọ̀bù ńlá tó wà lójú títì ní Ring Road tàbí Challenge kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń rí i. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká owó ṣọ́ọ̀bù ojú títì, tó wá gba ti inú àdúgbò, ní ìyànà méjì tàbí mẹ́ta sí títì, òun ló nílò rẹ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì nìkan kì í sì í tó. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní nọ́ńbà lára, àdúgbò mìíràn sì ń jẹ́ orúkọ méjì, èyí tó wà nínú ìwé àti èyí tí àwọn ọlọ́kadà ń pè é.

Lójú àwọn tó ń ṣàkóso pátákó, ọ̀tọ̀ ni pátákó tó wà lára ṣọ́ọ̀bù tàbí nínú ọgbà rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni pátákó atọ́nà. Ọ̀kan ń sọ pé "ibí ni", èkejì ń sọ pé "ọ̀hún ni". Pátákó tó ń sọ pé "ọ̀hún ni" kò sì lè dúró lórí ilẹ̀ ẹni tó ni ín. Ilẹ̀ ẹlòmíràn ló máa ń dúró lé. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí a tó ronú ohun tí a fẹ́ kọ, tàbí bí a ṣe fẹ́ kó tóbi tó, ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ ẹni tí a fẹ́ ri ẹsẹ̀ rẹ̀ sí.

Ìdáhùn yẹn yàtọ̀ láti títì sí títì. Títì Èkó sí Ìbàdàn, ti Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀ àti ti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, ti ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n. Ilẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ pa mọ́ fún irú títì bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju ibi tí ọ̀dà dé lọ dáadáa: mítà 45.72, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 150, ni wọ́n ń kà láti àárín títì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó dúró létí ọ̀dà ní Ẹgbẹ́dá, tó wá rin ogún ìṣísẹ̀ wọnú koríko, orí ilẹ̀ títì ló ṣì wà. Bí a bá ri irin síbẹ̀, ì báà jẹ́ pé káńsù ti já rìsíìtì mẹ́wàá fún un, ìjọba àpapọ̀ lè ní kó kúrò lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fẹ títì náà. Títì ńlá inú ìlú tí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe, ìpínlẹ̀ ló ni etí rẹ̀. Ọ̀nà inú àdúgbò wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló sì wà n'Ìbàdàn: márùn-ún láàárín ìlú, mẹ́fà létí ìlú, ìyẹn Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá, Ìdó, Lágelú, Olúyọ̀lé àti Ọnà-Arà. Ẹnikẹ́ni ò fi ọ̀dà fa ààlà wọn sójú títì. Létí ìlú pàápàá, ṣọ́ọ̀bù lè wà lábẹ́ káńsù kan kí oríta tí pátákó rẹ̀ dúró sí wà lábẹ́ òmíràn. Ibi tí ẹsẹ̀ pátákó wà ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ibi tí iṣẹ́ wà. Ẹni tí kò mọ èyí lè lọ sanwó níbi tí kò yẹ, kí káńsù tó ni oríta náà tún wá bá a.

Ta ló wá ní àṣẹ láti fún èèyàn láyè? Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999, ní Àfikún Kẹrin rẹ̀, ka àkóso ìpolówó ìta gbangba mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nínú àfikún yẹn kan náà ni wọ́n ti ní kí ìjọba ìbílẹ̀ máa sọ títì lórúkọ, kí wọ́n sì máa fún ilé ní nọ́ńbà. Káńsù tó bá ṣe iṣẹ́ nọ́ńbà yìí dójú àmì yóò rí i pé pátákó orí oríta á dín kù fúnra rẹ̀. Òfin tí wọ́n fi pín owó-orí láàárín ìpele ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní 1998 náà ka owó ìwé àṣẹ sáìnbọ́ọ̀dù àti ìpolówó sí ti ìjọba ìbílẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ìpínlẹ̀ náà dá àjọ tiwọn sílẹ̀. Èkó ní LASAA láti 2006. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, OYSAA ni orúkọ tiwọn, ìyẹn Oyo State Signage and Advertisement Agency. Àlàyé ìpínlẹ̀ ni pé ilé aṣòfin àwọn ló ń ṣe òfin tí káńsù fi ń ṣiṣẹ́, àti pé pátákó gbọ́dọ̀ bá ètò ìlú mu. Káńsù ní tiwọn á ní Ìwé Òfin ló gbé e lé àwọn lọ́wọ́. Àríyànjiyàn yìí ti gbé ìjọba dé kóòtù ní ìpínlẹ̀ bíi mélòó kan. Ohun tó já sí fún onídìrí tó ní ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ni pé ìwé ìsanwó méjì lè wọlé tọ̀ ọ́ lórí pátákó kan náà. Èyí kò dára, ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ló sì ń dùn jù. Ọ̀nà tó wà ni kí ó kọ lẹ́tà sí àwọn méjèèjì kí pátákó tó dúró, kí ó dárúkọ oríta náà gan-an, kí ó béèrè ẹni tó yẹ kó san owó fún, kí ó sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó mú lọ. Bí ẹni kejì bá dé, ẹ̀dà yẹn ló máa fi sọ̀rọ̀.

Kí wẹ́dà tó gé irin ni ìrìn yìí ti yẹ kó wáyé. Lọ́pọ̀ ìgbà, pátákó ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀ lóru, wọ́n á wá máa retí ẹni tó máa béèrè. Ohun tí ọ́fíìsì sábà máa ń fẹ́ kò pọ̀: lẹ́tà tó sọ orúkọ iṣẹ́ àti ibi tó wà, fọ́tò oríta náà, tí a yà láti òdìkejì ọ̀nà kí òpó iná, gọ́tà àti pátákó tó ti wà níbẹ̀ hàn, àwòrán pátákó pẹ̀lú ìwọ̀n gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ láti ilẹ̀, àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ CAC bó bá wà. Òṣìṣẹ́ á lọ wo ilẹ̀, wọ́n á ṣírò owó, wọ́n á fún un ní ìwé. Ọdọọdún ni ìwé àṣẹ náà ń di ọ̀tun, torí náà iye ọdún kìíní nìkan kọ́ ló yẹ kéèyàn fi ṣe ìṣirò.

Bí oríta náà bá jẹ́ ilé onílé ló wà ní igun rẹ̀, ògiri onílé yẹn dára ju etí gọ́tà lọ fún iṣẹ́ kékeré. Ọkọ̀ kì í sábà gbá ògiri, àwọn tó ń ṣa irin kiri lóru kò sì ní rí ẹsẹ̀ irin hú. Àmọ́ kí onílé fọwọ́ sí ìwé o. Adéhùn ẹnu máa ń tó títí baba onílé fi kú, tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pín ilé, tí ẹni tí igun yẹn bọ́ sí lọ́wọ́ wá ní òun ò mọ nǹkan kan nípa pátákó. Àṣẹ onílé kò sì pa àṣẹ ìjọba rẹ́. Ohun tí a ń rí láti ojú títì ni wọ́n ń ṣàkóso, ì báà dúró lórí ilẹ̀ aládàáni.

Ìwọ̀n ni wọ́n fi ń ṣírò owó rẹ̀ ní pàtàkì: fífẹ̀ ìgun-mẹ́rin rẹ̀, iye ojú tó ní, irú àdúgbò tó wà, àti bóyá iná ń tàn nínú rẹ̀. Ó yẹ ká wo èyí dáadáa, torí níbí ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Pátákó tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90 ní gígùn àti 60 ní gíga kò ju 0.54 mítà onígun-mẹ́rin lọ. Bí a bá kọ ọ́ tẹ̀yìn tiwájú, ó di 1.08. Bó bá wá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni àwọn oníbàárà ti ń bọ̀, a ti sanwó ẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni kò ní kà. Odindi páálí pákó ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8, tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù máa ń dábàá nítorí pé kò ní kù síbì kan, fẹ̀ tó mítà onígun-mẹ́rin 3. Ó lé ní ìlọ́po márùn-ún ti kékeré yẹn, ọfà kan ṣoṣo náà ló sì wà lára méjèèjì.

Ilé ìfowópamọ́ tàbí ojú-ìwé ìsanwó ìjọba ló yẹ kí owó gbà, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó pẹ̀lú ìwé pẹlẹbẹ lọ́wọ́. Orúkọ iṣẹ́, oríta, ìwọ̀n pátákó àti ọdún tí owó náà wà fún gbọ́dọ̀ hàn lórí rìsíìtì. Òfin 1998 tí a mẹ́nu bà lókè tilẹ̀ ka dídí ọ̀nà láti gba owó-orí léèwọ̀.

Ohun tó kù jẹ mọ́ ojú awakọ̀. Awakọ̀ tó fẹ́ já sí títì láti inú àdúgbò gbọ́dọ̀ rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Pátákó tó bá dúró ní igun oríta ní ìwọ̀n gíga ojú rẹ̀ ń fi ọkọ̀ pa mọ́ fún un, ọ̀kadà ló sì rọrùn jù láti farapamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fẹ́ kí ó ga kọjá ojú tàbí kó sún sẹ́yìn. Wọn kì í sì í gbà kéèyàn kan pátákó mọ́ òpó iná tàbí igi, kó gbé e sí àárín títì oníhà méjì, kó rì í sẹ́nu gọ́tà tàbí sójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, tàbí kó kùn ún kó jọ àmì títì tí ìjọba fi ń darí ọkọ̀. Èyí tó wà lẹ́nu gọ́tà ló ń dunni jù. Ní ìgbà òjò, ọ̀rá àti pàǹtírí á rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ irin náà, omi á sì yà wọ ilé ẹni tí kò mọ̀wọ̀n mẹsẹ̀.

Ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan ń rin mítà 14 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn tó ń ṣe pátákó ní òṣùwọ̀n kan: lẹ́tà tó ga ní ínṣì 1 rọrùn kà láti ẹsẹ̀ bàtà 10. Lẹ́tà ínṣì 4, nǹkan bí mítà 12 ni a ti lè kà á dáadáa, ìyẹn kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan. Orúkọ, ọfà àti bó ṣe jìnnà tó ni àyè gbà. Nọ́ńbà fóònù méjì, ojú-ìwé Facebook àti fọ́tò alákòóso kàn ń sọ orúkọ di kékeré ni.

Ọ̀rọ̀ tí a kọ tún lè gbé ọ̀ràn kọjá káńsù. ARCON, tí òfin 2022 fi rọ́pò APCON, ló ń ṣàkóso ohun tí ìpolówó ń sọ ní Nàìjíríà. NAFDAC ní tiwọn kì í fẹ́ kí wọ́n polówó oògùn, ti ìbílẹ̀ pẹ̀lú, láìgba àṣẹ. Bí ẹlẹ́wé-ọmọ bá kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ọfà, ọ̀nà ló ń fi hàn. Bó bá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òun ń wo jẹ̀díjẹ̀dí àti ìtọ̀ ṣúgà, ó ti polówó oògùn nìyẹn.

Bí ṣọ́ọ̀bù bá kó lọ, pátákó rẹ̀ kì í bá a kó. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọfà rẹ̀ ṣì ń darí èèyàn sí ilẹ̀kùn tó ti wà ní títì, ìwé ìsanwó ọdún tuntun sì lè máa jáde lórúkọ ẹni tó ti kó lọ. Kí ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó fún un láṣẹ pé òun ti yọ ọ́, kí ó so fọ́tò ibi tó ti kúrò mọ́ ọn, kí wẹ́dà gé irin náà láti ìsàlẹ̀ tàbí kí wọ́n hú u pẹ̀lú kọnkéré rẹ̀. Ihò tó bá kù, kí wọ́n dí i lọ́jọ́ kan náà, torí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé ń gbabẹ̀ kọjá láàárọ̀.