Ṣé lóòótọ́ ni gìtá tó ti pẹ́ máa ń dùn ju tuntun lọ?

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ní ṣọ́ọ̀bù nìyí, pàápàá àwọn ọmọ tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n bá fẹ́ ra tòkunbọ̀. Ọlọ́jà á ti sọ fún wọn pé "igi àtijọ́ ni o, ohùn ẹ̀ ti jinná," á wá gbówó lé e, wọ́n á sì gbé e wá bá mi ní Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta, pé ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa wò ó, ṣé ó tó bẹ́ẹ̀? Èsì mi ni pé ọjọ́ orí ń ṣe nǹkan sí igi, kì í ṣe irọ́, àmọ́ nǹkan ọ̀hún ò tó bí àwọn ọlọ́jà ṣe ń pariwo ẹ̀, ọ̀pọ̀ gìtá tí wọ́n sì ń gbé wá ò tiẹ̀ ní igi tó lè jinná lára.

Nǹkan kan wà nínú igi tí wọ́n ń pè ní hemicellulose, òun ló máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bọ́dún ṣe ń gorí ọdún ló ń jẹrà díẹ̀díẹ̀, igi á fúyẹ́ sí i, kò ní máa mu omi bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, pákó tó bá fúyẹ́ tó sì le sì máa ń tètè dáhùn tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan okùn. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe gìtá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yan igi tuntun nínú ààrò tí afẹ́fẹ́ ò pọ̀ níbẹ̀ kó lè ṣe bí èyí tó ti gbó. Yamaha ń pe tiwọn ní A.R.E., Martin ń pe tiwọn ní VTS. Nǹkan tí wọ́n lè fi ààrò ṣe, kí ni awo ńbẹ̀?

Ṣùgbọ́n igi odidi nìyẹn o. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín sí etí ihò tó wà láàárín gìtá, kẹ́ ẹ wo bí pákó ibẹ̀ ṣe nípọn tó. Tí ìlà ara igi tó wà lójú ẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ tààrà wọnú etí ihò yẹn, igi odidi ni. Tó bá jẹ́ ìpele mẹ́ta lẹ rí tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, pilaiwúùdù ni, kó pé 50 ọdún, pilaiwúùdù náà ni. Òun ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn èèyàn ní Abẹ́òkúta, mi ò sì ní kò dáa, ó tiẹ̀ máa ń fara da ọyẹ́ ju igi odidi lọ, ẹ má ṣáà sanwó ọjọ́ orí lé e.

Èyí tí wọ́n ń sọ pé tẹ́ ẹ bá ń ta á lójoojúmọ́ ohùn ẹ̀ á là ńkọ́? Wọ́n dán an wò ní yunifásítì New South Wales ní Ọsirélíà. Ẹnì kan náà ló ṣe fáólíìnì méjì (igi olókùn lòun náà bíi gìtá), igi kan náà ló sì fi ṣe é, wọ́n gbé ọ̀kan pa mọ́ sí mùsíọ́ọ̀mù, wọ́n gbé ìkejì fún olórin tó ń fi ṣiṣẹ́ jẹun. Lẹ́yìn ọdún 3 wọ́n kó wọn jáde, àwọn tó ta á àtàwọn tó gbọ́ ọ ò rí ìyàtọ̀ gúnmọ́ kan.

Ti Stradivari wá ló dùn mọ́ mi jù. Ítálì ni bàbá yìí ti ń ṣe fáólíìnì, 1737 ló kú, owó tí wọ́n ń ta fáólíìnì ẹ̀ kì í ṣe owó tá à ń sọ lẹ́nu. Ní 2010 wọ́n kó àwọn 21 tó mọ fáólíìnì ta jọ sí Indianapolis, wọ́n fún wọn ní mẹ́fà, àtijọ́ mẹ́ta, tuntun mẹ́ta, wọ́n wọ awò wẹ́dà fún wọn kí wọ́n má bàa ríran, wọ́n tún fi lọ́fínńdà díẹ̀ sí ibi tí àgbọ̀n máa ń gbé kí imú má bàa tú àṣírí. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn kéré jù nínú gbogbo ẹ̀, Stradivari ni! Wọ́n tún ṣe irú ẹ̀ lẹ́bàá Paris ní 2012 pẹ̀lú àwọn ọ̀gá mẹ́wàá, ọ̀kan nínú àwọn tuntun ló gba ipò kìíní. Ẹ sì rántí pé èyí tí kò dáa láyé ọjọ́un, wọn ò tọ́jú ẹ̀, wọ́n ti fi dáná, àwọn tó dáa ló kù tá a fi ń rò pé gbogbo ti àtijọ́ ló dáa.

(Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tó gbọ́ sákárà Baba L'Ẹ̀gbá, Yusuf Ọlátúnjí, á ní gòjé ńkọ́. Igbá àti awọ nìyẹn, ìyẹn yàtọ̀ pátápátá.)

Kí wá ni etí yín ń gbọ́? Okùn ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Gìtá tí okùn ẹ̀ ti mu òógùn àti ìpẹtà, ohùn ẹ̀ á rọlẹ̀, ẹ̀yin á ní ó ti jinná, tuntun tí okùn ẹ̀ ń dán á máa han, ẹ̀yin á ní kò tíì gbó. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ okùn méjèèjì kẹ́ ẹ tún un sọ. Mo gbà ṣá pé gìtá tuntun lè yí díẹ̀ láwọn oṣù àkọ́kọ́, torí okùn irin máa ń fà á tó nǹkan bíi 70 kílò tọ̀sán tòru, fánííṣì náà sì ń gbẹ, àmọ́ ọwọ́ yín náà ń mọ̀ ọ́n sí i lásìkò yẹn.

Nǹkan tó ń ba ohùn jẹ́ níbí ni ojú ọjọ́. Igi fẹ́ kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wà láàárín 45 sí 55 nínú 100, òjò tiwa ju ìyẹn lọ fíìfíì, pákó á wú, okùn á ga, ọyẹ́ á dé, pákó á sún kì, á là. Ẹ má fi í sínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn rárá, àtè awọ tí wọ́n fi ń lẹ fáólíìnì ti ń rọ̀ ní nǹkan bíi 60 dígírì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra àtijọ́, ẹ fi oríkèé ìka kan ojú ẹ̀ káàkiri, tó bá ń dún gbì, kò séwu, tó bá dún gìrìrì níbì kan, igi ìgbéró inú ẹ̀ ti ṣí nìyẹn, ẹ yọ owó àtúnṣe kúrò nínú owó tí wọ́n pè é. Lẹ́yìn náà, ẹ fi irú okùn kan náà sí òun àti tuntun kan, kẹ́ ẹ kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó ń fọwọ́ ta okùn wọn, kó máa pààrọ̀ wọn láìsọ fún yín. Èyí tẹ́ ẹ bá ń mú ṣáá ni kẹ́ ẹ sanwó fún, ìbáà jẹ́ èṣí ni wọ́n ṣe é.