Kíkọ́ ọmọ ajá nínú ilé

Kíkọ́ ọmọ ajá nínú ilé ni gbogbo ohun tí ẹni tó gba ọmọ ajá ń ṣe láti ọjọ́ tó bá ti gbé e wọlé, kí ẹran náà lè mọ ibi tí yóò máa tọ̀ sí, kí ó má máa bu ènìyàn jẹ, kí ó máa dáhùn bí a bá pè é, kí ara rẹ̀ sì balẹ̀ láàárín ènìyàn àti ariwo. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8 ni ọ̀pọ̀ ọmọ ajá máa ń kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn. Ní England, òfin kò gbà kí àwọn tó ní ìwé àṣẹ títa ajá ta èyí tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 8. Àṣẹ bíi "jókòó" àti "dúró" ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń rò bí a bá dárúkọ ẹ̀kọ́ ajá, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìwà ẹranko ka ohun tí ojú àti etí ọmọ ajá bá pàdé ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ sí pàtàkì ju àṣẹ èyíkéyìí lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹta sí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá

Ojú ọmọ ajá kì í là, etí rẹ̀ kì í sì í gbọ́ràn nígbà tí a bá bí i. Ojú máa ń là láàárín ọjọ́ 10 sí 14, etí á sì ṣí ṣáájú òpin ọ̀sẹ̀ kẹta. Láti ìgbà náà ni ọmọ ajá ti ń sún mọ́ ohun gbogbo tó bá rí láìfi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀ ni ìbẹ̀rù ohun àjèjì ń pọ̀ sí i, títí tí yóò fi borí ìfẹ́ láti mọ̀. Ọ̀sẹ̀ 12 sí 14 ni wọ́n sábà máa ń fi òpin àsìkò yìí sí. Ó yàtọ̀ láti ìran ajá kan sí èkejì, nítorí náà kò yẹ kí a kà á sí ààlà tí a fi rúlà fà.

Jackson Laboratory, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì kan ní ìlú Bar Harbor, ìpínlẹ̀ Maine, Amẹ́ríkà, ni púpọ̀ nínú ìmọ̀ yìí ti wá. Níbẹ̀ ni àwọn olùwádìí John Paul Scott àti John L. Fuller ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí ìran ajá márùn-ún ṣe ń dàgbà, tí basenji tó wá láti àárín gbùngbùn Áfíríkà wà lára wọn. Ọdún 1965 ni wọ́n tẹ àkójọ iṣẹ́ náà jáde. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1961, àwọn olùwádìí Freedman, King àti Elliot ròyìn àwọn ọmọ ajá tí wọ́n tọ́ nínú pápá tí ọgbà gíga yí ká, níbi tí wọn kò ti ń bá ènìyàn pàdé. Wọ́n mú àwọn kan jáde ní ọ̀sẹ̀ 2, àwọn mìíràn ní ọ̀sẹ̀ 3, 5, 7 tàbí 9, kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan péré wà pẹ̀lú ènìyàn. Àwọn tí wọn kò mú jáde rárá títí ọ̀sẹ̀ 14 fi pé ń ṣe bí ẹranko ìgbẹ́. Iye ẹran tí wọ́n lò kò pọ̀, síbẹ̀ ìwádìí náà fi hàn gbangba bí àsìkò yìí ṣe ń kọjá.

Nínú ilé, ohun tí èyí ń béèrè kò le. Kí ọmọ ajá rí àgbà àti ọmọdé, ẹni tó wọ agbádá, ẹni tó wọ híjáàbù, ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn, ọlọ́kadà tó dé àṣíborí. Kí ó gbọ́ jẹnẹrétọ̀, ìlù, ariwo odó, ẹ̀rọ ìlọta. Láti òkèèrè ni a ti ń bẹ̀rẹ̀: a lè fún un ní ẹran díẹ̀díẹ̀ bí jẹnẹrétọ̀ ti ń dún lẹ́yìnkùlé, kí a tó máa sún mọ́ ọn. Bí ó bá ki ìrù bọ àárín ẹsẹ̀, tí ó ń lá imú lemọ́lemọ́, tí ó ń yán nígbà tí oorun kò kùn ún, tàbí tí ó kọ oúnjẹ tó fẹ́ràn, a ti sún mọ́ ọn jù. Kí a máa gbé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò, kí a máa wo etí àti ẹnu rẹ̀, kí ọwọ́ dókítà ẹranko má bàa jẹ́ àjèjì sí i lọ́jọ́ iwájú.

Ọmọ ajá tí a so mọ́ ìdí géètì láti kékeré, tí a ń tú sílẹ̀ lóru nìkan, kì í rí àǹfààní yìí. Ọ̀pọ̀ ló rò pé bí ajá ọdẹ ilé ṣe ń gbóná nìyẹn. Ohun tó sábà máa ń tibẹ̀ jáde ni ajá tó ń bẹ̀rù gbogbo ènìyàn, tó sì lè bu ọmọ ilé jẹ bó ṣe lè bu olè jẹ.

Àjẹsára àti ìjáde

Àsìkò tí ọmọ ajá ń kọ́ ayé yìí náà ni àrùn lè tètè pa á. Parvovirus, fáírọ́ọ̀sì kan tí ayé kọ́kọ́ dá mọ̀ láàárín ajá ní 1978, wà lára èyí tó burú jùlọ. Agbára ìdènà àrùn tí ọmọ ajá gbà lára ìyá rẹ̀ lè sọ abẹ́rẹ́ àjẹsára di asán títí yóò fi tán lára rẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè fojú mọ ọjọ́ tí yóò tán. Ìdí nìyí tí a fi ń gún abẹ́rẹ́ náà láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, tí a sì ń tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 síra wọn títí ọ̀sẹ̀ 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti dìgbòlugi sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 12. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé ajá ló ń fa nǹkan bí ìdá 99 nínú 100 àrùn dìgbòlugi tó ń mú ènìyàn.

Nígbà kan rí, ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí ọmọ ajá má jáde títí abẹ́rẹ́ yóò fi pé. Ní 2008, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwà ẹranko sọ pé ọmọ ajá lè bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ẹ̀kọ́ ajá láti ọ̀sẹ̀ 7 sí 8, bí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ bá ti pé ó kéré tán ọjọ́ 7. Níbi tí ajá tí kò lálájá pọ̀ sí, gbígbé e lọ́wọ́ káàkiri ló dára ju kí ó fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ ní ojú títì tàbí ààtàn.

Ìtọ̀ àti ìgbẹ́

Ọmọ oṣù méjì kò lè mú ìtọ̀ dúró pẹ́. Bí ó bá jí, bí ó bá jẹun tán, bí ó bá ṣeré tán, kí a gbé e jáde sí ojú kan náà. Àmì rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: á dá eré dúró lójijì, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn ilẹ̀, á yí po lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, á sì forí lé ẹ̀yìn àga. Bí ó bá ṣe é síta, ibẹ̀ gan-an ni kí a ti yìn ín, kí a fún un ní ìpanu kí ó tó kúrò lójú kan. Bí a bá dúró di ìgbà tó wọlé, wíwọlé ni yóò rò pé a ń san ẹ̀san fún. Títẹ imú rẹ̀ mọ́ ìtọ̀ kò kọ́ ọ ní nǹkan kan, àfi kí ó máa sá pamọ́ láti tọ̀. Kéèjì tó gba ìdùbúlẹ̀ àti ìyípo rẹ̀ lè ṣèrànwọ́ lóru, nítorí ajá kì í fẹ́ dọ̀tí ibùsùn rẹ̀.

Eyín

Eyín 28 ni ọmọ ajá ń kọ́kọ́ hù. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin ni wọ́n ti ń ká, tí 42 ti àgbà ń rọ́pò wọn. Ó máa ń họ ọ́ lẹ́rìgì nígbà náà, ìdí nìyí tó fi ń gé bàtà. Bí ó bá ge ọwọ́ ènìyàn níbi eré, dídá eré dúró fún ìgbà díẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju gbígbá a létí lọ.

Pípè àti àṣẹ

Àwọn ọdẹ Yorùbá mọ iyì ajá tó ń dáhùn ìpè. Òwe wọn ni pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Kí a pe ọmọ ajá pẹ̀lú oúnjẹ lọ́wọ́, kí a má sì pè é wá jẹ ìyà láé. Ní ọ̀pọ̀ ilé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún ajá. Èdè kò ṣe pàtàkì, bí gbogbo ará ilé bá ṣáà ti ń lo ọ̀rọ̀ kan náà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ti tó fún ọmọ ajá, bí a bá ń tún un ṣe lójúmọ́.

Ìpanu kì í ṣe ohunkóhun tó bá wà nílé: ṣokoléètì, àlùbọ́sà, èso àjàrà àti ohunkóhun tó ní xylitol (èròjà adùn tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà) jẹ́ májèlé fún ajá.