June 12, June 23, May 29: Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí oṣù kẹfà tó kún fún ìrántí

Bí ìjọba àpapọ̀ bá ti kéde ìsinmi June 12 lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè máa ń rọ́ wọlé. Ẹnì kan ní òun rò pé ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ni Àyájọ́ Ìjọba Tiwantiwa. Ẹlòmíràn ní June 12 ni Abacha kú. Àwọn ọ̀dọ́ ní kò yé àwọn bí èèyàn ṣe ń ṣàjọyọ̀ ìbò tí wọ́n fagi lé. Ọjọ́ ìrántí pọ̀ nínú oṣù kẹfà lóòótọ́, wọ́n sì ti lọ́ mọ́ra wọn. Ẹ jẹ́ ká tú wọn.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an ní June 12?

Ìbò ààrẹ ni wọ́n dì, ní ọjọ́ Sátidé, ọdún 1993. Olóyè Moshood Káṣìmawò Ọláwálé Abíọ́lá gbé àpótí lábẹ́ ẹgbẹ́ SDP, Alhaji Bashir Tofa gbé e lábẹ́ NRC. Ẹgbẹ́ méjì péré ló wà nígbà náà. Ìjọba ológun Babangida ló dá méjèèjì sílẹ̀, òun ló kọ́ ọ́fíìsì fún wọn, òun náà ló ṣòfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Abíọ́lá ní ìbò 8,341,309, Tofa ní 5,952,087. Kódà, Abíọ́lá na Tofa ní Kano, ìpínlẹ̀ Tofa fúnra rẹ̀. Mùsùlùmí ni Babagana Kingibe tí Abíọ́lá mú ṣe igbákejì, bíi Abíọ́lá fúnra rẹ̀, nítorí náà ariwo tíkẹ́ẹ̀tì Mùsùlùmí méjì tí a gbọ́ ní 2023 kì í ṣe ohun tuntun.

Ta ló kéde pé Abíọ́lá wọlé?

Kò sẹ́ni tó kéde rẹ̀. Àjọ elétò ìbò ìgbà náà, NEC, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Humphrey Nwosu jẹ́ alága rẹ̀, ti ka èsì ìpínlẹ̀ mẹ́rìnlá kí wọ́n tó dá wọn dúró. Ohun tó jẹ́ ká mọ iye ìbò náà ni pé gbangba ni wọ́n ti kà á ní ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan, lójú àwọn tó dìbò àti aṣojú ẹgbẹ́ méjèèjì. Ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ Campaign for Democracy, tí Dókítà Beko Ransome-Kuti ń darí, kó èsì náà jọ, wọ́n sì gbé e jáde fáyé rí.

Ṣé Abacha ló fagi lé ìbò náà?

Rárá o. Àṣìṣe yìí ló wọ́pọ̀ jù, pàápàá lẹ́nu àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà náà, ẹ jẹ́ ká rìn ín díẹ̀díẹ̀.

Ìjọba Babangida ló fagi lé e. Wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ kí ìbò tó wáyé rárá. Ní alẹ́ ọjọ́ 10 oṣù kẹfà, ẹgbẹ́ kan tí olóṣèlú Arthur Nzeribe dá sílẹ̀ lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ Adájọ́ Bassey Ikpeme ní Abuja pé kí ìbò má ṣe wáyé. Àṣẹ tí kóòtù fún wọn lóru! Ṣùgbọ́n òfin ológun nọ́ńbà 13 ọdún 1993 ti sọ pé kóòtù kankan ò láṣẹ láti dá ìbò náà dúró, Nwosu sì di òfin yẹn mú, ó ní ká lọ dìbò. Ìgbà tí èsì ń jáde ni kóòtù mìíràn l'Abuja tún ní kí wọ́n dáwọ́ kíkéde rẹ̀ dúró. Nígbà tó di ọjọ́ 16, NEC panu mọ́.

Ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ni igi dá. Lọ́fíìsì Nduka Irabor, akọ̀wé ìròyìn fún igbákejì Babangida, Augustus Aikhomu, ni ìwé kan ti jáde pé wọ́n ti fagi lé ìbò. Ìwé pélébé lásán ni, kò ní orí lẹ́tà, ẹnikẹ́ni ò buwọ́ lù ú. Ìbò mílíọ̀nù mẹ́rìnlá di òfo lórí ìwé tí kò sẹ́ni tó gbà pé òun kọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni Babangida fúnra rẹ̀ bọ́ sórí tẹlifíṣàn láti gbèjà ohun tí wọ́n ṣe.

Abacha wà nínú ìjọba náà, ọ̀gá ológun ni, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní ìparí oṣù kẹjọ, Babangida kúrò lórí àga, ó gbé e fún Olóyè Ernest Ṣónẹ́kàn. Ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ni Adájọ́ Dọlápọ̀ Akínsànyà l'Ékòó dájọ́ pé ìjọba Ṣónẹ́kàn ò bófin mu. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Abacha gbàjọba. Tí ẹ bá fẹ́ há a sórí: Babangida fagi lé ìbò, Abacha ti ẹni tó wọlé mọ́lé.

Nígbà tí Babangida gbé ìwé ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní oṣù kejì ọdún 2025, ó gbà pé Abíọ́lá ló wọlé. Ìbò náà ti lé ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nígbà náà. Àwọn olówó tó péjọ síbẹ̀ sì dá ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà jọ fún ilé ìkàwé rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ṣé June 12 náà ni Abíọ́lá kú?

Rárá. Ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 1998 ló kú, nínú àtìmọ́lé, níbi tí àwọn aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ti wá bẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ló dé tí nǹkan tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ fi kó sínú oṣù kan ṣoṣo?

Òmíràn ṣe kòńgẹ́, òmíràn kì í ṣe kòńgẹ́ rárá.

Ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 1994, Abíọ́lá dúró ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ní Erékùṣù Èkó, ó kéde pé òun ni ààrẹ tí aráàlú yàn. Ó mọ̀ọ́mọ̀ yan ọjọ́ yẹn ni. Ó ku ọ̀la kí ìbò náà pé ọdún kan, ó sì fẹ́ kí ìránnilétí náà dun àwọn ológun. Wọ́n wá a káàkiri kí wọ́n tó mú un ní ọjọ́ 23, ọjọ́ tó pé ọdún kan géérégé tí wọ́n fagi lé ìbò. Kò jáde láàyè mọ́.

Ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1996 ni wọ́n yìnbọn pa ìyàwó rẹ̀, Alhaja Kudirat Abíọ́lá, nínú ọkọ̀ l'Ékòó. Awakọ̀ rẹ̀ náà kú. Obìnrin yìí ti gba ìjà náà mọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́; nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1994 nítorí June 12, ẹ̀yìn wọn ló wà. Ó ṣe é gbọ́ yé ìdí tí àwọn tó rán apani ò fi fẹ́ kó dúró di àyájọ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Rédíò tí àwọn tó sá lọ sókè òkun ń fi bá ìjọba jà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́: Radio Kudirat. Ní New York, wọ́n sọ igun òpópónà tó wà níwájú ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Nàìjíríà lórúkọ rẹ̀, débi pé bí òṣìṣẹ́ ìjọba Abacha bá ń wọlé síbi iṣẹ́, orúkọ ẹni tí wọ́n pa ló máa kọ́kọ́ rí. Lórí ẹjọ́ ikú rẹ̀, ilé-ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ ikú fún ọ̀gá ààbò Abacha, Hamza al-Mustapha, ní oṣù kìíní ọdún 2012. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2013.

Ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 1998 ni Abacha fúnra rẹ̀ kú, lójijì. Àwọn èèyàn jó ní títì l'Ékòó àti Ìbàdàn. Èyí ni tòótọ́ tó jẹ́ kòńgẹ́, àyàfi tí ẹ bá wà lára àwọn tó gbà pé adúrà ló ṣe é.

Kí wá ni ti May 29?

Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1999 ni Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar gbé ìjọba fún Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Ọbásanjọ́ sọ ọjọ́ tí wọ́n búra fún òun di Àyájọ́ Ìjọba Tiwantiwa. Ọmọ Abẹ́òkúta ni òun náà, bíi Abíọ́lá. Ilé ìwé kan náà, Baptist Boys' High School, ni wọ́n jọ lọ. Ó sì lo ọdún mẹ́jọ lórí àga láì fún June 12 ní nǹkan kan. Ọmọ Ẹ̀gbá kẹta nínú ọ̀rọ̀ yìí, Ṣónẹ́kàn, ò lò tó oṣù mẹ́ta. Ẹ ẹ̀ rí i pé Abẹ́òkúta nìkan tó ìtàn tí èèyàn ò ní sọ tán.

Ta ló wá yí i padà?

Ààrẹ Muhammadu Buhari ló kéde ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 2018 pé June 12 ni Àyájọ́ Ìjọba Tiwantiwa, kì í ṣe May 29 mọ́. Ó buwọ́ lu òfin rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2019. Àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ò dúró dè é, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní ìsinmi June 12. Tèmi ni pé ohun tó tọ́ ni Buhari ṣe, ó sì ṣe é nígbà tó wúlò fún un: ìkéde náà jáde nígbà tí ìbò 2019 ku nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, ìbò ilẹ̀ Yorùbá sì ṣe kókó. Òtítọ́ méjèèjì lè wà pọ̀.

Ṣé Abíọ́lá ti di ààrẹ tẹ́lẹ̀ nìyẹn?

Kò dì í. Oyè GCFR tí Buhari fi dá a lọ́lá lẹ́yìn ikú rẹ̀, ààrẹ ni wọ́n sábà máa ń fún, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi kà á sí ìjẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba GCFR lọ́dún 1982, kò sì jẹ ààrẹ rí.

Tí ààrẹ bá ní ìjọba tiwantiwa ti pé ọdún báyìí-báyìí, láti ìgbà wo ló ti ń kà á?

Láti 1999. Nítorí náà, June 12 la fi ń ṣàjọyọ̀, ṣùgbọ́n May 29 la fi ń ka ọdún. Ìbò 1993 ò bí ìjọba kankan tí èèyàn lè máa ka ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹni tí èyí bá dà láàmú, kò ṣe ohun tó burú.

Òótọ́ ni pé Ààrẹ Tinúbú dọ̀bálẹ̀ ní June 12?

Ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ nígbà tó ń gun ọkọ̀ ní pápá Eagle Square lọ́dún 2024. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ lálẹ́ ọjọ́ náà pé ọmọ Yorùbá lòun, òun dọ̀bálẹ̀ fún ìjọba tiwantiwa ni.

Kí ló kan àwọn Ogoni nínú June 12?

Lọ́jọ́ náà lọ́dún 2025 ni Tinúbú kéde ìdáríjì fún Ken Saro-Wiwa, òǹkọ̀wé tó jà fún àwọn Ogoni ní Niger Delta, àti àwọn mẹ́jọ mìíràn tí ìjọba Abacha so kọ́ ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1995, ó sì fi oyè dá wọn lọ́lá. Kudirat Abíọ́lá àti Humphrey Nwosu náà gba oyè. Inú gbogbo èèyàn kọ́ ló dùn sí ọ̀rọ̀ ìdáríjì yẹn. Ẹni tó bá jẹ̀bi la ń dárí jì, àwọn tó ń jà fún Ogoni sì ti ń sọ láti 1995 pé àwọn èèyàn wọn ò jẹ̀bi nǹkan kan. Kí wọ́n wẹ orúkọ wọn mọ́ ni wọ́n ń béèrè.

Ṣé May 29 ṣì jẹ́ ìsinmi?

Kì í ṣe ìsinmi mọ́. Ọjọ́ ìbúra ààrẹ ṣì ni, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin, ìjọba sì lè dìídì fún wa ní ìsinmi bó ṣe ṣe ní 2023. Àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp tó ń pín ìsinmi May 29 fún yín lọ́dọọdún, ẹ bi í léèrè ibi tó ti gbọ́.

Tí June 12 bá bọ́ sí ọjọ́ Sunday ńkọ́?

Lọ́dún 2022, Monday ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ dúró de ìkéde iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé kí ẹ tó wọ mọ́tò lọ sílé.

Ọ̀gá mi ní dandan kí n wá síṣẹ́. Ṣé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ìjọba ni, ìsinmi ni, àfi àwọn bíi nọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá àti panápaná. Tó bá jẹ́ ti aládàáni, ẹ lọ ka ìwé tí ẹ buwọ́ lù nígbà tí wọ́n gbà yín. Báńkì máa ń tì, ọjà kì í sábà tì. Ẹni tó bá ń ṣe ìdánwò lásìkò náà, ẹ bi ilé ìwé rẹ̀ kí ẹ má fi ìkéde ìsinmi sùn.

Ṣé kí n bẹ̀rù ìfẹ̀hónúhàn lọ́jọ́ náà?

Kì í ṣe ẹ̀rù, ìmúra ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ máa ń jáde ní June 12, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. L'Ékòó, Gani Fawehinmi Park ní Ọjọ́ta ni wọ́n sábà máa ń kó jọ sí. Ọlọ́pàá yin afẹ́fẹ́ tajútajú níbẹ̀ lọ́dún 2021. Ẹni tó bá ní ìrìn àjò gba ọ̀nà Ọjọ́ta láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó tètè jáde tàbí kó wá ọ̀nà mìíràn.

Ṣé wọ́n tún lè fagi lé ìbò báyìí?

Ní ọ̀nà ti 1993, ó ṣòro. Òfin ológun ni Babangida ń lò, kò sí ìwé òfin tó lè dá a dúró. Lónìí, kóòtù nìkan ló lè da ìbò ààrẹ nù, ẹjọ́ náà sì lè dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí wọ́n bá fagi lé ìbò kí ìbò tó bàjẹ́. Láàárín ibùdó ìdìbò àti ibi tí wọ́n ti ń ro èsì pọ̀ ni nǹkan ti máa ń yí. Gbogbo wa la rí i ní 2023, tí èsì ìbò ààrẹ ò gun ìkànnì INEC lásìkò tí wọ́n ṣèlérí rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó lè purọ́ fún ará Kano nípa ẹni tí wọ́n dìbò fún ní 1993, torí wọ́n kà á lójú wọn. INEC ní ìwé kan tó ń jẹ́ EC60E, èyí tí òṣìṣẹ́ ìbò gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ara ògiri ní ibùdó kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn kíka, kí gbogbo ayé lè rí èsì ibẹ̀. Tí ẹ bá ti dìbò, ẹ má tètè lọ sílé. Ẹ dúró títí wọ́n á fi kà á tán, kí ẹ ya fọ́tò ìwé yẹn. Tí òṣìṣẹ́ ò bá lẹ̀ ẹ́, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, lójú aṣojú àwọn ẹgbẹ́.