Ìwé inú igbá àti lẹ́tà Jeremáyà

Ní ìjọ tí mò ń lọ ní Kétu níbí, ní ilẹ̀ Benin, bí ọdún bá ń parí lọ, wọ́n á gbé igbá kan síwájú pẹpẹ lóru. Ìwé pélébé pélébé tí wọ́n ká ló wà nínú rẹ̀, ẹsẹ Bíbélì kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí aago méjìlá bá ti lù, kálukú á tò lọ fa tirẹ̀. Èyí tó bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́ ni ohun tí Ọlọ́run ní kí wọ́n sọ fún ọ lọ́dún náà. Àwọn tí kò ní igbá máa ń dijú, wọ́n á ṣí Bíbélì, wọ́n á fi ìka lé e. Ìgbàgbọ́ kan náà ni: pé ibi tí ọwọ́ bà ni ìdáhùn wà.

Mo mọ ẹni tó kọ ìwé inú igbá wa lọ́dún kan, torí èmi ni. Ọgọ́rin ìwé ni mo fi bíìkì kọ lórí tábìlì ilé mi. Mo kọ Jeremáyà 29:11: «Nítorí èmi mọ èrò tí mo rò sí yín, ni Olúwa wí, àní èrò àlàáfíà, kì í ṣe fún ibi.» Ojú mi kan ẹsẹ 10 lókè, mo fò ó. Mo rí ẹsẹ 17 nísàlẹ̀, níbi tí Ọlọ́run ti ní òun ń rán idà, ìyàn àti àjàkálẹ̀ àrùn bọ̀. Ta ló máa kọ ìyẹn fún ọdún tuntun? Nítorí náà, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó wọ igbá, àlùmọ́gàjí mi ti yan ohun tí wọ́n máa rí.

Ìyá kan tó ń ta gàrí ládùúgbò wa ló fa 29:11. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí àpótí owó rẹ̀. Nígbà tí èsì bákì, ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ girama, jáde, orúkọ ọmọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó ṣí àpótí náà sílẹ̀ níwájú mi, ó ní, «Ọmọ mi, ṣé ìwé yìí parọ́ fún mi ni?»

Mo ní, «Rárá, Màmá. Àwa la já a láàárín.»

Ẹ wo bí ẹsẹ náà ṣe bẹ̀rẹ̀: «Nítorí». Ta ní í fi «nítorí» bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀? Nǹkan ti wà níwájú rẹ̀. Lẹ́tà ni orí 29 yẹn. Jeremáyà kọ ọ́ láti Jerúsálẹ́mù sí àwọn tí Nebukadinésárì kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì ní ọdún 597 ṣáájú ìbí Krístì. Ní orí 28, wòlíì kan tó ń jẹ́ Hananáyà ti já àjàgà igi tí Jeremáyà gbé kọ́rùn láti fi ṣàpẹẹrẹ ìsìnrú Bábílónì kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ níṣojú gbogbo èèyàn, ó ní láàárín ọdún 2, gbogbo àwọn ìgbèkùn á ti dé. Àsọtẹ́lẹ̀ tó dùn létí ni. Ká ní igbá wà láyé ìgbà náà, tiẹ̀ ni wọn ìbá kọ sínú rẹ̀.

Lẹ́tà Jeremáyà kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí Ọlọ́run ní kó sọ nìyí: Ẹ kọ́ ilé, kí ẹ máa gbé inú rẹ̀. Ẹ gbin ọgbà, kí ẹ jẹ èso rẹ̀. Ẹ gbéyàwó, ẹ bímọ. Ẹ máa wá àlàáfíà ìlú tó kó yín lẹ́rú, kí ẹ sì máa gbàdúrà fún un. Ẹ má jẹ́ kí àwọn wòlíì àárín yín tàn yín. Ó di ẹ̀yìn ọdún 70 kí n tó mú yín padà. Ẹ̀yìn èyí ni 11 tó wá dé. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó gbọ́ lẹ́tà náà ni yóò kú sí Bábílónì. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ni yóò fojú rí ìpadàbọ̀.

Ó yẹ kí èyí tètè yé àwa ará Kétu ju ẹlòmíì lọ. Ní ọdún 1886 ni ogun Dàhòmì fọ́ ìlú wa, tí wọ́n kó èèyàn lẹ́rú. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì, láàárín 1892 sí 1894, ni àwọn tó kù láàyè tó rí ọ̀nà wálé. Ìyẹn ò tó ọdún 10, síbẹ̀ a ṣì ń sọ ọ́. Ẹ wá ro ẹni tí wọ́n sọ fún pé ó di 70.

Ọ̀rọ̀ «yín» tún wà níbẹ̀. Bí a bá gbọ́ «yín», ó lè jẹ́ àgbà kan ṣoṣo là ń bá sọ̀rọ̀. «Vous» Faransé náà rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kì í fi ọ̀wọ̀ àgbà bá wa sọ̀rọ̀. Èèyàn púpọ̀ ni «yín» yẹn, èdè Hébérù sì fi hàn gbangba.

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ «ẹsẹ» gan-an náà ń ṣì wá lọ́nà. Tipẹ́tipẹ́ kí Bíbélì tó dé ni a ti ní ẹsẹ Ifá, ẹsẹ Ifá sì máa ń jẹ́ odidi: ẹni tó dífá, ẹni tí wọ́n dá a fún, ẹbọ tí wọ́n ní kó rú, bóyá ó rú u, ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Ẹsẹ Bíbélì lè máà ju ààbọ̀ gbólóhùn lọ. Robert Estienne, atẹ̀wé ará Faransé, ló fi nọ́ńbà sí ẹsẹ Májẹ̀mú Tuntun ní 1551, ó sì tẹ odidi Bíbélì Faransé pẹ̀lú nọ́ńbà ní 1553. Kí èèyàn lè tètè rí ibi tó ń wá ni nọ́ńbà wà fún.

Wọ́n máa ń bi mí pé, ṣebí àwọn àpọ́sítélì náà dìbò, ìyẹn ni pé wọ́n ṣẹ́ kèké, láti mọ ẹni tó máa rọ́pò Júdásì? Wọ́n dì í, ó wà nínú Ìṣe 1:26. Àmọ́ ọkùnrin 2 ni ìbò náà wà láàárín, àwọn méjèèjì ti wà pẹ̀lú Jésù látìgbà ìrìbọmi Jòhánù, wọ́n sì ti yẹ̀ wọ́n wò kí ìbò tó dé. Kì í ṣe ìwé ni wọ́n fà kí wọ́n lè mọ ohun tí Ìwé Mímọ́ wí. Kúkúrú fúnra rẹ̀ kò burú: Sáàmù 23 kúrú, ó sì pé. Ẹni tó bá fa odidi rẹ̀, kò sí ìjà.

Màmá ní kí n ka lẹ́tà náà fún òun látòkè délẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi ọgbà àti èso, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, «Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n gbìn.» Nígbà tó yá, ó ní ọmọ náà á padà sí kíláàsì, á tún un ṣe.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo tún gba iṣẹ́ ìwé kíkọ náà. Mo kọ Jeremáyà 29, ẹsẹ 4 sí 14, mo ká a pọ̀, mo sọ ọ́ sínú igbá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fà á, ó tú u, ó tún ń tú u, ó wá ojú mi láàárín èrò.

«Ẹ̀gbọ́n, èyí mà gùn o. Ṣé kò sí kúkúrú?»