Òòfà ayé ló ń yí, ayé ò dojú dé

Ó máa ń bíni nínú báwọn èèyàn ṣe máa ń sọ ọ́ pé tí òòfà ayé, ìyẹn agbára tó ń darí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì, bá yí, ayé fúnra ẹ̀ ló máa dojú dé, tí òkun á wá dà bo Àgbádárìgì. Irọ́ ni. Ilẹ̀ ò kúrò níbi tó wà, oòrùn á ṣì yọ níbi tó ti ń yọ, ibi tí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì ń kọjú sí nìkan ló ń yí, èyí tó ń kọjú sí àríwá á wá kọjú sí gúúsù.

Irin tó yọ́ bí omi, ní nǹkan bí 2,900 kìlómítà sísàlẹ̀ ilẹ̀ tá a dúró lé, ló ń lọ tó ń bọ̀, ìrìn ẹ̀ ló ń mú iná mànàmáná wá, iná yẹn ló di òòfà. Irin yẹn ò sì mọ àríwá yàtọ̀ sí gúúsù, èyíkéyìí ló bá a lára mu.

Bó ṣe ń yí gan-an ló dùn. Ẹni tó bá ti dúró ní Èbúté Ìkòròdú nígbà tómi ọ̀sà kún tán tó fẹ́ máa fà á ti rí i: kì í yí lẹ́ẹ̀kan náà, agbára ẹ̀ á kọ́kọ́ rọ̀, ti ẹ̀bá á ti máa padà nígbà tí ti àárín ṣì ń lọ, igi tó léfòó á kàn máa pòòyì, ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ òpó á máa kọjú síbí kọjú sọ́hùn-ún, ó dìgbà tó bá ṣe díẹ̀ kí gbogbo omi tó jọ gba ọ̀nà kan. Bí òòfà ayé ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Á rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kì í tán pátápátá, àríwá lè wá di méjì tàbí mẹ́ta, kọ́kan tiẹ̀ lè yọ sítòsí apá ibi tó gbóná bíi tiwa níbí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ló sì máa ń gbà, kì í ṣe ọ̀sán kan. Nígbà míì á yí fúngbà díẹ̀, á tún padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí 41,000 ọdún sẹ́yìn.

Ibi tó ti yàtọ̀ sí omi ọ̀sà ni pé òṣùpá ló ń dá àkókò fómi, kò sẹ́ni tó ń dá àkókò fún irin yẹn. Èyí tó yí tán kẹ́yìn ti tó nǹkan bí 780,000 ọdún, torí náà àwọn tó ń sọ pé àkókò ẹ̀ ti kọjá, àkókò wo?

Òkúta ló tọ́jú ìtàn náà, ó sì gbọ́n ju ìwé lọ. Òkúta yíyọ́ tó bá ń tutù máa ń di ojú ibi tí òòfà kọ sí mú, kì í sì í jẹ́ kó lọ mọ́. Bernard Brunhes, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Faransé, rí irú ẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 1906, tí òòfà inú ẹ̀ kọ̀yìn sí tòní. Ní àárín òkun Atlantic tó ń lu etí Àgbádárìgì yìí kan náà, òkúta tuntun ń yọ, ó ń là sí méjì, ìlà kan kọjú síbí, èyí tó tẹ̀ lé e kọjú sọ́hùn-ún, ohun tó wà lápá Áfíríkà náà ló wà lápá Amẹ́ríkà, bí aṣọ tí wọ́n ká sí méjì.