Live USB: Linux tó gbé ẹní tirẹ̀ dání

Ọmọ àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, ó ní kí n bá òun lọ ra laptop tókunbọ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí a yà sí kò jìnnà sí South Gate. Ọmọkùnrin tó ń tajà tan ẹ̀rọ kan, Windows jáde, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, kò lábùkù kankan." Mo fa fíláàṣì yọ lápò, mo ní kó jẹ́ kí n fi Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, tan án wò. Ló bá gbá ẹ̀rọ náà mú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi pa Windows rẹ́ o! Ọ̀gá mi ló ni ọjà."

Mi ò bá a wí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé bí Linux bá ti dé orí kọ̀ǹpútà, Windows ti kú nìyẹn. Ṣùgbọ́n live USB ló wà lọ́wọ́ mi: odindi Linux tó ń gbé inú fíláàṣì, tó lè tan kọ̀ǹpútà, kó sì ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, láì fọwọ́ kan háàdì dísìkì. Àlejò tó gbé ẹní tirẹ̀ dání ni. Pálọ̀ ló tẹ́ ẹ sí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò ká a, yóò sì máa lọ. Yàrá onílé wà bó ṣe wà.

Bí a bá tẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà, ètò kékeré kan tó wà lára bọ́ọ̀dù rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jí. BIOS là ń pè é tẹ́lẹ̀, UEFI ló wà lóde báyìí. Inú háàdì dísìkì ló sábà máa ń lọ tààrà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń tẹ F12 léraléra bó ṣe ń tan, lórí Dell àti ọ̀pọ̀ Lenovo, tàbí F9 lórí HP, yóò béèrè ibi tí a fẹ́ kó gbà, a ó sì yan fíláàṣì. Wọ́n ti fún Linux inú fíláàṣì náà pọ̀. Kíkà ni ẹ̀rọ ń kà á, kì í kọ nǹkan sí i. Fáìlì tí a bá ṣe, páásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi tí a bá tẹ̀, inú RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan sí fún ìgbà díẹ̀, ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Bí iná bá sì ti kúrò lára RAM, kò rántí nǹkan kan mọ́. Ọ̀nà kan wà tí fíláàṣì fi lè máa rántí, persistence lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kì í lò ó. Fíláàṣì tí à ń rà lọ́jà yìí ń wọ́ bí ìgbín.

Àlejò náà lè ṣìwà hù o, bí a bá fún un ní kọ́kọ́rọ́. "Install" wà lójú ẹ̀rọ níbẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, tó ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo ìbéèrè láì kà wọ́n títí ó fi kan "Erase disk", ó ti gbá ilé onílé mọ́ tónítóní. Ẹni tó bá sì wọ inú háàdì dísìkì lọ pa fáìlì rẹ́, fáìlì náà lọ lóòótọ́ nìyẹn.

Kì í ṣe nǹkan tuntun. Lọ́dún 2000 ni Klaus Knopper, ará Jámánì, gbé Knoppix, irú Linux àlejò bẹ́ẹ̀, jáde, orí CD ló sì wà. Àwọn tó ń ṣe Ubuntu, irú Linux mìíràn, náà fi CD ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri ayé títí di 2011. Lónìí, dátà tiwa ló ń lọ sí i: ISO, ìyẹn fáìlì ńlá tí odindi Linux wà nínú rẹ̀, ti Linux Mint fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3GB, ti Ubuntu 24.04 ju 5GB lọ. Òru ni mo máa ń dáúnlóòdù tèmi. Ẹ má sì kàn da ISO náà sórí fíláàṣì bí ẹni da orin, kò ní tan. Ètò bíi Rufus tàbí balenaEtcher ló ń gbé e sí i bó ṣe yẹ, wọ́n á sì nu ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fọ́tò ìkómọ ọmọ mi kejì ló bá a lọ nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é. Ìyàwó mi ò tíì dárí jì mí.

Ọmọkùnrin yẹn gbà nígbẹ̀yìn. Linux Mint jáde. Wi-Fi rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò. Mo tẹ lẹ́tà inú kíbọọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan, "k" kò dáhùn àfi téèyàn bá fi agbára tẹ̀ ẹ́. Mo ṣí tẹ́mínà, ibi tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, mo tẹ àṣẹ tó ń sọ bí bátìrì ṣe wà:

upower -i $(upower -e | grep BAT)

Ìlà tí mò ń wá yọjú: "capacity: 41%". Ìyẹn ni pé ohun tí bátìrì náà lè gbà kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ohun tó ń gbà nígbà tó wà ní tuntun. Wọ́n sì ti sọ fún wa pé wákàtí mẹ́ta ló ń lò! Ní Àkúrẹ́ níbí, tí iná lè lọ láàárín kíkà ojú ìwé kan sí èkejì, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ fi bátìrì bẹ́ẹ̀ ṣe?

Mo pa ẹ̀rọ, mo yọ fíláàṣì, mo ní kó tan án fúnra rẹ̀. Windows jáde, pẹ̀lú fọ́tò òkè tó wà lójú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, kí a jọ wá yọ owó bátìrì kúrò nínú iye tó dá lé e.