Bí Thumper Ṣe Dáyé: Géèmù Onílù Tó Ń Kó Jìnnìjìnnì Báni

Bí ènìyàn bá wọ ilé géèmù ní Kubwa tàbí ní Lugbe, ní Abuja, nírọ̀lẹ́, bọ́ọ̀lù ni yóò sábà bá lójú tẹlifíṣọ̀n. Níbi tí ẹni tó ni ilé bá ti ra awò VR, èyí tí a ń dé mọ́ ojú tí a kò fi ní rí ohunkóhun níta mọ́, ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e ni pé kí ni a ó máa fi í ta. Thumper ni èmi máa ń dárúkọ. Kì í ṣe géèmù tuntun, nítorí láti ọdún 2016 ló ti jáde, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà dáyé ló ń ṣàlàyé ìdí tí kì í fi í tètè jáde lọ́kàn ẹni tó bá ti ta á: inú géèmù ayẹyẹ ni àwọn tó ṣe é ti kọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó ṣe ti ẹ̀rù.

Orílẹ̀-èdè Jàpáànù ni géèmù tí ìlù ń darí ti kọ́kọ́ gbalẹ̀. PaRappa the Rapper jáde lọ́dún 1996, ilé iṣẹ́ Konami gbé Beatmania jáde lọ́dún 1997, ó sì fi Dance Dance Revolution, tí a ń fi ẹsẹ̀ ta, tẹ̀lé e lọ́dún 1998. Ní Amẹ́ríkà, Alex Rigopulos àti Eran Egozy, tí wọ́n pàdé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT, ti dá ilé iṣẹ́ Harmonix sílẹ̀ lọ́dún 1995. Wọ́n ṣe Frequency lọ́dún 2001 àti Amplitude lọ́dún 2003. Nínú àwọn méjèèjì, ọ̀nà kan ni yóò máa sáré bọ̀ wá bá ẹni tó ń ta á, àmì orin yóò sì wà lójú ọ̀nà náà fún un láti tẹ̀ lásìkò. Àwọn tó mọ̀ wọ́n yìn wọ́n, ọjà wọn kò kàn yá púpọ̀ ni. Guitar Hero ọdún 2005 ló wá sọ Harmonix di ìlú-mọ̀ọ́ká, kí Rock Band tó dé lọ́dún 2007.

Ilé iṣẹ́ yìí ni Marc Flury, tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, àti Brian Gibson, ayàwòrán, ti jọ ṣiṣẹ́. Gibson tún ń ta gìtá béèsì nínú Lightning Bolt, ẹgbẹ́ olórin tí kò ju òun àti onílù kan lọ, tí ariwo wọn kò sì dára fún ẹni tí orí ń fọ́. Lọ́dún 2009 ni àwọn méjèèjì dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, Drool, tí wọ́n sì dáwọ́ lé Thumper. Ó tó nǹkan bí ọdún méje kí ó tó parí. Flury tilẹ̀ kó lọ sí ìlú Seoul ní Gúúsù Kòríà, tí iṣẹ́ náà kò sì dúró.

Wọ́n mú ọ̀nà tó ń sáré bọ̀ yẹn, wọ́n yọ orin kúrò lórí rẹ̀. Nínú Guitar Hero, orin tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń gbé wa lọ, bí a bá tilẹ̀ ṣì í, ẹnu wa ṣì lè máa kọ ọ́. Thumper kò ní orin tí ẹnu lè kọ: ìlù ni, irin ń gbá irin, ohùn kan sì ń kùn láti ìsàlẹ̀. Kòkòrò onírin kan, irú yímíyímí, ló ń sáré lọ nínú òkùnkùn. Igi ìdarí kan àti bọ́tìnì kan ṣoṣo ni a nílò. A ó tẹ bọ́tìnì níbi tí iná bá ti tàn. Níbi kọ́nà, a ó dì í mú, a ó sì tẹ kòkòrò náà mọ́ ògiri. Àṣìṣe kan, ìyẹ́ rẹ̀ ti fò lọ. Èkejì, ó fọ́ túútúú. Ìpele mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀, orí abàmì kan tí wọ́n pè ní Crakhed ló sì wà níwájú tí à ń sáré lọ bá.

Ohun tí mo kà sí ọgbọ́n tó jinlẹ̀ jù níbẹ̀ ni pé etí máa ń ṣáájú ojú. Kí ìdènà tó dé ọ̀dọ̀ wa ni a ti máa ń gbọ́ ìlù tí yóò fi wọlé, àwa yóò wá fi àtàǹpàkò dá a padà gẹ́gẹ́ bí ègbè ṣe ń gba orin lẹ́nu lílé. Ẹni tó bá ń fi ojú nìkan ta á kò ní pẹ́ kó tó fọ́ mọ́ ògiri. Àwọn méjèèjì pe iṣẹ́ wọn ní ìwà ipá inú ìlù, wọn kò sì purọ́.

Lọ́dún 2009 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, awò VR kò tíì wọ́pọ̀ lọ́jà fún ará ilé. Èrò rẹ̀ ti pẹ́ lóòótọ́: Ivan Sutherland, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ti ṣe ọ̀kan lọ́dún 1968, láti àjà ilé ni wọ́n sì ti so ó kọ́. Palmer Luckey ló jí ọ̀rọ̀ náà dìde lọ́dún 2012, nígbà tó fi awò tirẹ̀, Oculus Rift, lọ tọrọ owó lórí Kickstarter, ìkànnì tí ará ìlú ti ń dáwó fún iṣẹ́ tuntun, tí mílíọ̀nù 2.4 dọ́là sì wọlé fún un. Lọ́dún 2014, Facebook kéde pé òun yóò fi bílíọ̀nù 2 dọ́là ra ilé iṣẹ́ rẹ̀. Thumper ti rìn jìnnà kí awò tó wá bá a lọ́nà. Ó jáde fún PlayStation 4 àti kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2016, nígbà tó sì di ọjọ́ 13, tí Sony gbé PlayStation VR jáde, ó wà lára àwọn géèmù tí wọ́n fi ṣí ọjà náà.

Awò náà kò fi ohun tuntun kún òfin géèmù yìí, síbẹ̀ ó bá a mu ju ọ̀pọ̀ tí wọ́n ṣe fún un ní pàtàkì lọ. A kò ní láti dìde, a kò ní láti máa yí orí kiri. Iwájú ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Crakhed tí kò ju àwo oúnjẹ lọ lójú tẹlifíṣọ̀n yóò wá ga ju ilé alájà lọ. Mo wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta á lórí àga ike ní Kubwa. Bí kọ́nà bá dé, èjìká rẹ̀ yóò tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, eyín rẹ̀ yóò sì pàdé. Kò gbọ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń ké lẹ́yìn fèrèsé. Ọ̀gá tó ni ilé fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní, “Àbúrò, rọra o, kì í ṣe páàdì mi ló ṣẹ̀ ọ́.” Èyí náà dáhùn láìṣí ojú, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa jẹ́ẹ̀nì!” Nígbà tó bọ́ awò náà, fóòmù inú rẹ̀ ti rin fún òógùn, ọ̀gá sì ń fi tíṣù nù ún fún ẹni tó kàn.

Lọ́dún 2017 ni Thumper dé orí awò Oculus Rift àti HTC Vive, àti orí ẹ̀rọ géèmù Nintendo Switch. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, géèmù onílù mìíràn, Beat Saber, jáde láti ìlú Prague, ó dá orin àti ijó padà sínú awò, ibẹ̀ sì ni ọjà wọ́ lọ. Facebook ra àwọn tó ṣe é lọ́dún 2019. Níbi ọjọ́ ìbí, Beat Saber ni kí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ Thumper kò tilẹ̀ nílò kó dúró de owó awò, nítorí ó ṣeé ta lójú tẹlifíṣọ̀n lásán, bí ó bá ṣáà ti ní ohun ìgbọ́ràn gidi tó bo etí méjèèjì.